Kọ́bọ́ọ̀dù Tí Mọ̀núrù Fi Ṣéènì Nà

Bí ẹ bá ra kọ́bọ́ọ̀dù lọ́wọ́ Mọ̀núrù ní Ìsàlẹ̀ Gángan, ẹ ò tún nílò dígí mọ́. Bó ṣe máa ń sọ nìyẹn, kò sì parọ́. Bó bá ti fi sánpépà ha igi tán, tó wá fi pólíìṣì kùn ún ní àkùntúnkùn, igi náà á máa dán gbinrin. Àwọn obìnrin máa ń dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ láti tún gèlè wọn wé, àwọn ọkùnrin a sì yà níbẹ̀ láti wò bóyá ẹ̀fọ́ há sí eyín wọn. Mọ̀núrù kì í lé wọn. Ó gbà pé ẹni tó bá rí ojú ara rẹ̀ nínú kọ́bọ́ọ̀dù lónìí yóò padà wá rà á lọ́la. Wọn kì í sábà padà wá, ṣùgbọ́n ìyẹn kò dín ìgbàgbọ́ rẹ̀ kù.

Lọ́dún 1991 tí à ń wí yìí, ọ̀rọ̀ ìyàwó ló gba Mọ̀núrù lọ́kàn. Ganiat, ọmọbìnrin tó ń ta léèsì ní ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ̀ ní Ọjà Balógun, ti gbà láti fẹ́ ẹ. Ìyá Ganiat náà ti gbà. Ó ku bàbá, Alhaji Jíbrílù ti Òkè Pópó, ó sì ku ohun tó le ju bàbá lọ, ìyẹn ìwádìí. Ẹ ṣáà mọ ilé àwọn ọmọ Èkó. Wọn kì í fọmọ fọ́kọ láìwádìí. Wọ́n á rán ẹnì kan lọ sí àdúgbò ọkọ, onítọ̀hún kò ní sọ ẹni tí òun jẹ́, á kàn máa fojú wò, á máa fetí gbọ́: ṣé ọkùnrin náà kì í jalè, ṣé kì í mutí, ṣé àrùn burúkú kò sí nídìílé wọn, àti èyí tó ṣe kókó jù lọ, ṣé wèrè kò sí níbẹ̀. Wèrè dùn ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ. Kò sì ṣeé bá dána.

"Búrọ̀dá Mọ̀núrù, ọ̀sẹ̀ yìí ni wọ́n ní àwọn á wá," ni Ganiat wí fún un. "N ò mọ ẹni tí wọ́n máa rán, n ò sì mọ ọjọ́. Ẹ ṣáà máa ṣe jẹ́jẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá Sámúẹ́lì jà."

Sámúẹ́lì ni káfíńtà ará Ìjẹ̀bú tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí ti Mọ̀núrù. Àárín àwọn méjèèjì kò gún rárá.

Mọ̀núrù ṣe jẹ́jẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn aládùúgbò fi ń bi í bóyá ara rẹ̀ le. Ó gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, ó gbá ti ojú títì mọ́ ọn. Ó dá a lójú pé àgbàlagbà ọkùnrin tó wọ agbádá ni wọ́n máa rán, nítorí náà gbogbo agbádá tó bá kọjá ló ń dọ̀bálẹ̀ fún. Ó dọ̀bálẹ̀ fún ọkùnrin kan tí ń ta oògùn eku. Ó gbé àga fún un, ó ra Fáńtà fún un, ó sì sọ fún un láìjẹ́ pé ó béèrè pé òun kì í fa sìgá. Ọkùnrin náà mu Fáńtà rẹ̀ tán, ó nu ẹnu, ó bi í bóyá eku ń yọ wọ́n lẹ́nu nílé. Mọ̀núrù ní kò sí ohunkóhun tó ń yọ ìdílé àwọn lẹ́nu, láti orí bàbá bàbá òun títí dé orí òun.

Inú ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Bọ́lánlé wá dé. Obìnrin náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Lọ́ńdọ̀nù dé ni, ó gé irun rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wọ ṣòkòtò jíìnsì, ó sì mú ìwé aláwòrán kan lọ́wọ́. Ó ṣí i, ó fi kọ́bọ́ọ̀dù kan han Mọ̀núrù nínú rẹ̀. Kọ́bọ́ọ̀dù funfun ni. Ọ̀dà rẹ̀ ti bó létí, kòkòrò ti jẹ ẹsẹ̀ rẹ̀, gbogbo ara rẹ̀ kún fún ọgbẹ́.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Àǹtí," ni Mọ̀núrù wí, àánú sì ṣe é tọkàntọkàn. "Ṣé omíyalé ló ṣe é ni, àbí iná?"

"Tuntun ni o," ni Bọ́lánlé wí. "Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ṣe é. Rustic ni wọ́n ń pè é. Kó dà bíi nǹkan inú ilé àgbẹ̀ òyìnbó. Irú ẹ̀ ni mo fẹ́ fún ṣọ́ọ̀bù tíì tí mo fẹ́ ṣí ní Marina."

"Ẹ fẹ́ kí n tún un ṣe?"

"Rárá o, ọ̀gá. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ kan tuntun, kẹ́ ẹ wá bà á jẹ́."

Mọ̀núrù wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó rò ó bóyá àwọn ará Òkè Pópó ló rán obìnrin yìí wá dán òun wò. Ṣùgbọ́n kò wọ agbádá, nítorí náà ó fi èrò yẹn sílẹ̀.

"Àǹtí, ẹ má bínú. N ò lè ṣe é. Dídán ni wọ́n fi mọ iṣẹ́ mi. Bí wọ́n bá rí irú èyí níwájú ṣọ́ọ̀bù mi, wọ́n á ní ebi ń pa mí."

"Kò burú. Ẹni tó wà lódìkejì yẹn ńkọ́?"

Sámúẹ́lì ti ń nagà wò wọ́n láti ìgbà tí obìnrin náà ti dé. Bí Bọ́lánlé ti nawọ́ sí ọ̀dọ̀ rẹ̀ báyìí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi àkísà nu bẹ́ǹṣì rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ìgbà wo lẹ fẹ́ gbà á?" ni Mọ̀núrù wí.

Bọ́lánlé wá ṣàlàyé bí wọ́n ti ń ṣe é. Kó kọ́kọ́ fi ọ̀dà búlúù kun kọ́bọ́ọ̀dù náà. Bó bá gbẹ, kó mú àbẹ́là, kó fi ra àwọn etí igi àti ibi tí ọwọ́ ènìyàn sábà máa ń kàn. Kó wá fi ọ̀dà funfun bo gbogbo rẹ̀. Níbi tí àbẹ́là bá wà, ọ̀dà funfun kò ní lè di igi mú. Bí sánpépà bá ti kàn án, á bó, búlúù á sì yọjú lábẹ́ rẹ̀, bí ẹni pé ìyá àgbà kan ló ti ń lo kọ́bọ́ọ̀dù náà láti ìgbà èwe. Lẹ́yìn náà, kó fi ṣéènì nà án, kó sì fi ìṣó lu ihò wẹ́wẹ́ sí i, kó lè dà bí èyí tí kòkòrò jẹ.

"Ẹ má ṣàánú ẹ̀ o," ni Bọ́lánlé wí, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Mọ̀núrù kan kọ́bọ́ọ̀dù náà, ó kàn án dáadáa, ó kun ọ̀dà méjèèjì. Ìgbà tó di ọ̀rọ̀ nínà ni àánú igi náà ṣe é. Ó wá ṣéènì kẹ̀kẹ́ kan jáde, ó rọra fi kan igi náà, ó sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Ibi tí ṣéènì bà kò tilẹ̀ hàn. Sámúẹ́lì bú sẹ́rìn-ín lódìkejì. Ẹ̀rín yẹn ló ba gbogbo nǹkan jẹ́. Mọ̀núrù bọ́ ẹ̀wù sílẹ̀, ó gbé ṣéènì sókè, ó là á mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù náà, wàá! Ọgbẹ́ kan hàn. Ó sún mọ́ ọn, ó wò ó. Ọgbẹ́ náà wu ojú, àní ó jọ èyí tó wà nínú ìwé obìnrin yẹn. Ó tún gbá òmíràn. Ká má parọ́, iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mọ́ ọn. Ó ń nà án, ó ń sún sẹ́yìn, ó ń di ojú kan, ó ń fi ojú kejì wò ó, ó ń pa dà lọ nà án.

"O ò tíì jìyà tó!" ló ń wí fún kọ́bọ́ọ̀dù náà, òógùn bò ó.

Ìgbà tó di ọ̀rọ̀ ihò kòkòrò, ó kúnlẹ̀, ó mú ìṣó àti òòlù, ó ń lu ihò, ó ń fi ẹnu fẹ́ eruku rẹ̀ dà nù. Bó ti gbójú sókè ló rí ìyá àgbàlagbà kan tó dúró tì í. Ìyá náà ró aṣọ àdìrẹ tó ti ṣá, ó sì gbé àpótí ìjókòó kan tó ti kán lẹ́sẹ̀ dání, bí ẹni tó fẹ́ ṣe àtúnṣe.

"Ẹ káàbọ̀, Mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó. Ṣé ó ti dà bí èyí tí kòkòrò jẹ?"

"Ó ti dà bẹ́ẹ̀," ni ìyá náà wí, ó rọra ń sọ̀rọ̀. "Ìgbà wo ni kòkòrò bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́?"

"Kòkòrò kankan ò sí níbẹ̀, Mà. Èmi ni. Tuntun ni, ọ̀sẹ̀ yìí ni mo kàn án."

"Ó ṣẹ̀ ọ́ ni?"

"Kò ṣẹ̀ mí o. Kò tíì gbọgbẹ́ tó ni."

Mọ̀núrù dìde, ó tún fi ṣéènì gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ìyá náà lè rí bí wọ́n ti ń ṣe é. Nígbà tó yíjú pa dà, àpótí nìkan ló bá nílẹ̀. Ìyá náà ti kọjá ṣọ́ọ̀bù Bọ́lájí télọ̀, ó ń kánjú lọ. Mọ̀núrù, tó ti pinnu láti ṣe ọmọlúàbí sí gbogbo ènìyàn lọ́sẹ̀ náà, gbé àpótí, ó sì sáré tẹ̀lé e. Ó gbàgbé láti ju ṣéènì sílẹ̀.

"Mà! Ẹ dúró o! Ẹ dúró, Mà!"

Ìyá náà wẹ̀yìn, ó rí ọkùnrin tí kò wọ ẹ̀wù, tó gbé ṣéènì sókè, tó ń bọ̀ lẹ́yìn òun. Ó ká aṣọ rẹ̀ sórí orúnkún, ó fo gọ́tà kan tí àwọn géńdé máa ń fi pákó sọdá, ó sì wọ kọ̀rọ̀ lọ. Mọ̀núrù dúró létí gọ́tà, ó ń mí hẹlẹ. Ó yìn ín lọ́kàn rẹ̀ pé Ọlọ́run fún ìyá yìí ní àlàáfíà ara.

Ṣáájú Mọ̀gáríbì ọjọ́ náà ni Ganiat dé, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Búrọ̀dá Mọ̀núrù, kí lẹ fi ẹ̀gbọ́n bàbá mi ṣe?"

"Èwo nínú wọn?"

"Alhaja Ṣàlámọ́tù! Alhaja tó ń ta mílíìkì ní páálí-páálí ní Òkè Àrin. Àwọn ni wọ́n rán wá. Wọ́n ní ẹ fi ṣéènì lé àwọn dé etí gọ́tà."

Ṣéènì bọ́ lọ́wọ́ Mọ̀núrù. "Wọn ò rán alágbádá ni?"

"Alhaja ní àwọn béèrè lọ́wọ́ Bọ́lájí télọ̀. Bọ́lájí ní títí di àná, kò sóhun tó ṣe yín. Wọ́n ti wá ní wèrè wà nídìílé yín, wọn ò fọmọ mọ́. Bàbá mi ní bí kọ́bọ́ọ̀dù tí kò lẹ́nu bá lè jẹ irú ẹgba bẹ́ẹ̀, kí ni yóò wá ṣẹlẹ̀ sí èmi, tí gbogbo ayé mọ̀ pé mo lẹ́nu?"

Ó bú sẹ́kún. Ó dun Mọ̀núrù wọ egungun. Ó fẹ́ràn ọmọbìnrin yìí, ó fẹ́ràn ẹnu rẹ̀ gan-an, kò sì sí ohun tó ń bẹ̀rù láyé yìí bíi kí wọ́n fi í fún ẹlòmíràn.

"Má sunkún mọ́," ó ní. "N ó gbé kọ́bọ́ọ̀dù náà lọ bá wọn lọ́la. Bí wọ́n bá fojú ara wọn rí i, á yé wọn."

Kò yé wọn. Bí ọmọlanke ti gbé kọ́bọ́ọ̀dù náà wọ agbo ilé ní Òkè Pópó ni gbogbo ilé jáde sí i. Àwọn obìnrin fi ìka kan ihò ara rẹ̀, wọ́n mi orí, wọ́n ní "ó mà ṣe o." Alhaja Ṣàlámọ́tù dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn, orí nìkan ló yọ. Alhaji Jíbrílù, tí ohùn rẹ̀ máa ń le bíi ti ọlọ́pàá, wá ń bá Mọ̀núrù sọ̀rọ̀ ní ohùn tí wọ́n fi ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀. Ìyẹn ló sì dẹ́rù ba Mọ̀núrù jù.

"Jókòó, ọmọ mi. Ṣé o ti jẹun? Ṣé ò ń rí oorun sùn?"

"Bàbá, mo ń sùn dáadáa. Obìnrin kan ló ní kí n kan kọ́bọ́ọ̀dù, kí n sì bà á jẹ́. Láti Lọ́ńdọ̀nù ló ti wá."

"Mo gbọ́. Ṣé ìwọ nìkan lò ń rí obìnrin náà ni, àbí àwọn ẹlòmíràn náà ń rí i?"

"Sámúẹ́lì náà rí i, Bàbá."

"Sámúẹ́lì wo?"

"Ọ̀tá mi ni."

Alhaji Jíbrílù wo àwọn ará ilé, àwọn ará ilé wo ilẹ̀. Bí Mọ̀núrù ti ń ṣàlàyé àbẹ́là àti sánpépà fún wọn ni ohùn wọn túbọ̀ ń rọ̀. Níkẹyìn, Alhaji ní kó lọ mú obìnrin náà wá lọ́la lẹ́yìn ìrun Àsárì, bó bá wà lóòótọ́. Ní ti kọ́bọ́ọ̀dù, kó fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn. Wọn kò fẹ́ kó tún nà án.

Lọ́jọ́ kejì, Mọ̀núrù mú Bọ́lánlé dé. Ó ti bẹ̀ ẹ́ títí, obìnrin náà ti ń bínú, nítorí pé ó kù díẹ̀ kó ṣí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, kò sì mọ ohun tó gbé kọ́bọ́ọ̀dù òun dé Òkè Pópó. Wọ́n wọ àgbàlá. Mọ̀núrù wo ibi tó gbé kọ́bọ́ọ̀dù sí, ó nu ojú, ó tún un wò.

Nǹkan kan dúró síbẹ̀ tó ń dán, tó wá tutù minijọ̀ bí ewé tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa. Ihò kan ṣoṣo kò sí lára rẹ̀. Wọ́n ti fi ọṣẹ dí gbogbo rẹ̀, wọ́n sì ti fi ọ̀dà bo ọgbẹ́. Gbogbo ará ilé tò yí i ká, inú wọn ń dùn. Ọ̀dà aláwọ̀ ewé wà ní ìgúnpá Alhaja Ṣàlámọ́tù.

"A ti bá ọ bo àṣírí, ọmọ yìí," ni Alhaja wí. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Kò fẹ́ fún un níyàwó ni, kò ní kí wọ́n tì í mọ́lé. "Ọ̀dà géètì tó ṣẹ́ kù la fi kùn ún. Ẹni tó ni ín ò ní mọ̀ láéláé pé o bà á jẹ́."

Bọ́lánlé pariwo. Ó fọwọ́ pa ara kọ́bọ́ọ̀dù náà níwájú, lẹ́yìn, nísàlẹ̀, ó ń wá ohun tó sọnù.

"Ihò mi dà? Níbo lẹ kó ihò mi sí?"

Alhaji Jíbrílù sún mọ́ ọn.

"Ẹ jọ̀ọ́, Madam, ẹ̀yin lẹ ní kó bà á jẹ́?"

"Èmi ni! Ó sì bà á jẹ́ dáadáa! Kò sẹ́ni tó lè bà á jẹ́ tó bẹ́ẹ̀! Ẹ̀yin lẹ wá tún un ṣe!" Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

Ojú ti Alhaji Jíbrílù. Àgbàlagbà ni, ó sì mọ̀ pé kò dára kéèyàn ba nǹkan oníǹkan jẹ́, ì báà jẹ́ àtúnṣe lèèyàn fi bà á jẹ́. Ó yíjú sí àwọn ará ilé rẹ̀, ó ní gbogbo ọwọ́ tó kun ọ̀dà lánàá gbọ́dọ̀ ha á kúrò lónìí. Ó ní ní ti Mọ̀núrù, òun ti rí i pé orí rẹ̀ pé.

"Èmi ò tíì rí i," ni Alhaja Ṣàlámọ́tù wí. "Wèrè tó lọ́gàá, wèrè náà ni. N ò fọmọ."

Ẹ̀gbọ́n ló sì jẹ́ sí Alhaji. Bí kò bá fọmọ, wọn ò fọmọ nìyẹn.

Mọ̀núrù sáré lọ kó sánpépà àti ṣéènì wá láti ṣọ́ọ̀bù, ó pín sánpépà. Ganiat ha apá kan, àwọn ìyàwó ilé ha apá kejì, Bọ́lánlé náà nu ojú, ó wọ̀ ọ́. Bí ọ̀dà géètì ti ń bó ni funfun ń yọ lábẹ́ rẹ̀, búlúù sì ń yọ lábẹ́ funfun. Bọ́lánlé ní ó ti dára ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Alhaji fi gíláàsì sí góńgó imú, ó ń wá àwọn ihò tí wọ́n fi ọṣẹ dí, ó ń fi ìṣó tú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó kan nínà, Mọ̀núrù mú ṣéènì, ṣùgbọ́n ojú Alhaja wà lára rẹ̀, kò lè gbá a dáadáa. Ó kàn ń fi kan igi náà gẹ́rẹ́gẹ́rẹ́.

Alhaja Ṣàlámọ́tù ká ọwọ́ gbera, ó wò ó. Ó wò ó títí. Ara rẹ̀ kò gbà á mọ́, nítorí kò sí ohun tó kórìíra bí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ láìfi agbára sí i.

"Irú ìnà wo nìyẹn? Gbé e wá!"

Ó já ṣéènì gbà. Ó tú gèlè, ó fi di ìbàdí, ó gbé ọwọ́ sókè, ó sì fún kọ́bọ́ọ̀dù náà ní ọ̀kan tó mú kí àwọn adìẹ agbo ilé sá wọlé. Gbogbo ènìyàn ní "háà!" Alhaja wo ọgbẹ́ náà, ó tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó tún gbá òmíràn. Òógùn ń bọ̀ lójú rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ júwe fún àwọn tó kù kí wọ́n sún, ó ní àwọn kò tíì rí nǹkan kan.

Ẹnikẹ́ni kò gbọ́ ìgbà tí Ìyá Mọ̀núrù wọlé. Ìyá náà ti gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ nípa ọmọ rẹ̀. Ó wọ léèsì tó dára jù nínú àpótí rẹ̀, ó sì ti ń ka ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀ sẹ́nu láti ilé. Ó dúró lẹ́nu géètì, ó ń wò wọ́n. Gbogbo ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀ náà fò lọ lórí rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ó ní.

Alhaja yíjú pa dà, ṣéènì wà lókè. "Ta lẹ fẹ́ rí?"

"Èmi ni ìyá Mọ̀núrù. Wọ́n ní ẹ ní wèrè wà nídìílé wa, mo ní kí n wá búra fún yín pé kò sí." Ó wo ṣéènì. Ó wo kọ́bọ́ọ̀dù. Ó wo Alhaji Jíbrílù tó wà lórí ìkúnlẹ̀, tó ń fi ìṣó tú ihò. Ohùn rẹ̀ wá rọ̀ pẹ̀sẹ̀. "Ṣùgbọ́n kí n tó búra, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ó ti pẹ́ tó ti ń ṣe yín?"

"Iṣẹ́ ni o!" ni Alhaja kígbe. "Ẹ wò ó, iṣẹ́ là ń ṣe!"

"Ohun tí ọmọ tèmi náà sọ nìyẹn," ni Ìyá Mọ̀núrù wí.

Alhaja wo ṣéènì ọwọ́ rẹ̀. Ó wo ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú àgbàlá náà bóyá ẹnì kan lè gba òun sílẹ̀, ṣùgbọ́n sánpépà tàbí ìṣó wà lọ́wọ́ gbogbo wọn. Ganiat ti fi ọwọ́ bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń mì. Alhaja rọra gbé ṣéènì sílẹ̀, ó tú gèlè kúrò ní ìbàdí, ó gbọn eruku rẹ̀ dà nù, ó wé e pa dà sórí. Lẹ́yìn náà ló tẹ orúnkún díẹ̀.

"Ẹ wọlé, àna wa," ó ní. "Ẹ rọra o, ẹ má fara kan kọ́bọ́ọ̀dù. Eruku ọ̀dà ṣì wà lára ẹ̀."